Ẹ̀jẹ̀ Mẹ́ta Àti Díẹ̀

Ó ti tó oṣù méjì tí Àtàndá Múdàṣírù, ẹni tí ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Kantamanto, ti ń sọ fún gbogbo ọjà pé ẹ̀jẹ̀ òun ti gbẹ. Dókítà kankan kò sọ ọ́ fún un o. Òun fúnra rẹ̀ ló wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó sì mọ̀. Nígbà tí ìkérora rẹ̀ sú Àgbékẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó fà á lọ sí yàrá àyẹ̀wò kékeré kan ní Kokomlemle lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Àgbékẹ́ ní kí ọkọ òun lọ gba ìwé àwọn méjèèjì bọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀lì aṣọ tuntun dé, òun ni yóò sì tú u.

Àtàndá wọlé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó ti kú díẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bushrah ló wà lẹ́yìn tábìlì. Lapaz, àdúgbò àwọn tó ń sọ Twi, ni wọ́n bí i sí, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn.

"Ẹ káàárọ̀, plíìsì, Bàbá. Ẹ̀jẹ́ yín ti jáde."

Àtàndá dúró gbọn-in.

"Ẹ̀jẹ́ wo? Èmi ò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀jẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Ọmọ mi, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, igbe nìkan ni mo ké nígbà tí ẹ fi abẹ́rẹ́ gún mi. Bí mo bá ṣèlérí ohunkóhun nínú igbe yẹn, Ọlọ́run mọ̀ pé ọkàn mi ò sí níbẹ̀."

"Daabi, rárá, Bàbá! Mo ní ẹ̀... ẹ̀jẹ̀. Èyí tó pupa."

"Ẹ̀jẹ̀! Má gbé ohùn sókè níparí rẹ̀. Bí o bá ti gbé e sókè báyìí, o ti fi mí búra nìyẹn."

"Ẹ má bínú, plíìsì. Bàbá mi máa ń sọ Yorùbá sí mi, ṣùgbọ́n Twi ni mo fi ń dá wọn lóhùn."

"Níbo ni bàbá rẹ ti wá?"

"Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ògbómọ̀ṣọ́! Ọmọ mi ni ọ́ nígbà náà. Máa sọ ọ́ bó ṣe wá. Ibi tó bá ti wọ́, màá máa nà án fún ọ." Àtàndá fa àga kékeré kan mọ́ra, ó jókòó pẹ̀lú ìkérora méjì, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. "Ó yá. Sọ bí mo ṣe máa kú."

Bushrah fa àpò ìwé kan jáde, ó mú ìwé tó wà lókè nínú rẹ̀.

"A. Múdàṣírù. Ẹ̀yin ni, àbí?"

"Èmi gan-an. A fún Àtàndá."

"Wọ́n ti ka ẹ̀jẹ̀ yín tán."

"Ta ló kà á?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ mọ̀wé? Èdè wo ni wọ́n fi kọ nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀ mi?"

"Kì í ṣe kíkà bí ìwé, Bàbá. Kíkà bí... ọ̀kan, méjì, mẹ́ta."

"Àá! Kíkà bí ẹni ń ka aṣọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, plíìsì. Bí aṣọ."

"Ṣùgbọ́n omi ni ẹ̀jẹ̀. Ta ló ń ka omi? Wíwọ̀n là ń wọn omi."

Inú Àtàndá dùn sí ọ̀rọ̀ tó sọ yìí. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n fáànù nìkan ló ń yí níbẹ̀.

"Kì í ṣe omi nìkan," ni Bushrah wí. "Nǹkan kéékèèké wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí roboto, roboto, bí ìgbà tí èèyàn fi ìkà tẹ ìyẹ̀fun pípò láàárín."

Àtàndá fò dìde. Ó gbàgbé láti kérora.

"Ìkà! Mo ti sọ ọ́! Mo ní ẹnìkan ń ṣìkà fún mi, Àgbékẹ́ ní irọ́ ni. Ta ni onítọ̀hún? Ṣé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn? Ṣé ará Kantamanto ni?"

Bushrah na ìka ìfábẹ̀là sókè, ó ń jù ú síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀.

"Èyí! Èyí, Bàbá! Eléyìí tó wà lọ́wọ́!"

"Ìka."

"Ìka. Ìka. Mo tọrọ àforíjì."

"Ṣọ́ra fún ohùn yẹn, ọmọ mi. Ó kù díẹ̀ kí n lọ bá ẹni ẹlẹ́ni jà." Ó tún jókòó, ó rántí, ó kérora. "Nǹkan roboto. Mo ti gbọ́. Ẹ wá kà wọ́n."

"Àwọn pupa la kà."

"Ẹ̀jẹ̀ wo ni kì í pupa?"

"Àwọn funfun náà wà níbẹ̀."

"Nínú èmi? Èmi Àtàndá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni funfun wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi?" Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó níwá àti lẹ́yìn. "Ogún ọdún ni mo ti ń ta aṣọ òyìnbó. N ò mọ̀ pé òyìnbó fúnra rẹ̀ ti wọlé."

"Gbogbo èèyàn ló ní i, plíìsì. Àwọn funfun ló ń bá àìsàn jà. Ṣùgbọ́n àwọn pupa lọ̀rọ̀ kàn. Àwọn pupa yín ò pọ̀."

"Mélòó lẹ bá?"

"Mẹ́ta pọ́ìntì ọ̀kan."

Àtàndá rọra fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Mẹ́ta," ni ó wí.

"Pọ́ìntì ọ̀kan."

"Mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù nínú ara mi, àti ọ̀kan tí ò pé."

"Daabi, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Dúró. Má sọ̀rọ̀. Mò ń wá wọn." Ó di ojú, ó fi ọwọ́ lé àyà. "Ọ̀kan wà níbí. Mo gbọ́ ọ. Ọ̀kan wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìyẹn náà ń yí. Ẹ̀kẹta..." Ó la ojú sílẹ̀. "Kò sí ẹnì kankan ní apá òsì! Abájọ! Abájọ tí apá yìí kò fi gbé nǹkan kan láti oṣù méjì! Èèyàn ò sí nílé!"

"Bàbá, plíìsì..."

"Ẹ̀yin náà lẹ fà á! Ìgò kékeré méjì lẹ gbà lára mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Èèyàn tó ní mẹ́ta, ẹ tún ń bù ú? Ẹ lọ gbé ìgò yẹn wá. Inú rẹ̀ ni àwọn tó kù wà. Ẹ dá wọn padà sí ibi tí ẹ ti rí wọn."

"Mílíọ̀nù ni, Bàbá!" Bushrah fi ọwọ́ méjèèjì lu tábìlì. "Mílíọ̀nù mẹ́ta! Nínú ẹ̀kán kan ṣoṣo, tí kò tó orí píìnì!"

Àtàndá jókòó tọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn ún mọ́.

"Mílíọ̀nù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, plíìsì."

"Nínú ohun tí kò tó orí píìnì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi tí mo bá ń ka ṣẹ́ẹ̀tì inú bẹ́ẹ̀lì, tí mo bá ti dé ogóje, ẹnìkan á kí mi, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ronú díẹ̀. "Bí mo bá wá ní mílíọ̀nù mẹ́ta, kí ló ń ṣe mí?"

"Kò tó ni. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará Kantamanto mọ kayayo."

"Àwọn obìnrin tí ń fi agbada ńlá ru ẹrù? Ta ni ò mọ̀ wọ́n? Wọ́n á sáré kọjá lára rẹ, wọ́n á tún fi agbada gbá ọ lórí."

"Kayayo ni àwọn pupa yìí nínú ara. Afẹ́fẹ́ tí ẹ mí sínú, àwọn ló ń rù ú. Wọ́n á rù ú lọ sí orí, wọ́n á rù ú lọ sí ẹsẹ̀. Tí wọn ò bá pọ̀, ẹrù ò ní dé. Ó máa rẹ èèyàn."

"Ó ń rẹ̀ mí!"

"Orí á máa fọ́."

"Ó ń fọ́! Ó ń fọ́ lọ́wọ́ báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ bí o ṣe dárúkọ rẹ̀."

"Tí èèyàn bá gun àtẹ̀gùn, àyà á máa lù kì kì kì."

"Èmi ò tilẹ̀ gun àtẹ̀gùn mọ́! Mo máa ń dúró sílẹ̀ ni, kí Àgbékẹ́ gùn ún."

"Àwọn mìíràn, yìnyín ló máa ń wù wọ́n jẹ."

Àtàndá wá inú ara rẹ̀ títí, kò rí yìnyín kankan níbẹ̀.

"Ìyẹn ò ṣe mí," ni ó wí pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, bí ẹni tó ta tẹ́tẹ́, tí nọ́ńbà kan ṣoṣo kò jẹ́ kó jẹ. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tún là. "Ṣùgbọ́n ó ń ṣe ìyàwó mi! Láti àárọ̀ ló ti máa ń rún yìnyín bí ẹni ń rún ẹ̀pà. Àìsàn mi ti ràn án!"

"Kì í ràn, Bàbá."

"O ò mọ bí tèmi ṣe le tó. Fún mi níwèé yẹn. Màá fi ìṣó kàn án mọ́ iwájú ìsọ̀. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi ń bú mi ní ọjà pé kò sí ohun tó ń ṣe mí. Àgbékẹ́ fúnra rẹ̀, bó bá ń fún mi lẹ́dọ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú ló fi ń wò mí."

"Ẹ̀dọ̀ dára. Ẹ ń jẹ ẹ́ dáadáa?"

"Lálaalẹ́. Ẹ̀dọ̀ àti ẹyin, àti ewé kókò kontomire. Àgbékẹ́ ní kí n máa jẹ ẹ́ kí n má baà kú mọ́ òun lọ́rùn."

"Màmá náà ń jẹ ẹ̀dọ̀?"

"Àgbékẹ́? Rárá o. Ọbẹ̀ tó bá kù nísàlẹ̀ ìkòkò ló fi ń jẹun. Kò sí ohun tó ń ṣe òun."

"Ta ló wá ń gbé bẹ́ẹ̀lì ní ìsọ̀?"

"Òun náà ni. Èmi á jókòó, màá máa nàka síbi tí yóò gbé e sí." Ó rí bí ojú ọmọbìnrin náà ṣe rí. "Ọmọ mi, nínàka yẹn náà ń gba agbára."

Bushrah na ìwé náà sí i. Àtàndá gba ìwé náà, ó nà án jìnnà sí ojú títí apá rẹ̀ fi tán. Awò rẹ̀ wà ní àpò àyà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ojú náà ti ń lọ. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, àfi ìgbà tó rí lẹ́tà kan tó dá mọ̀, tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

"Háà. Ẹ tilẹ̀ ti máàkì rẹ̀."

"Kí ni, plíìsì?"

"F. Mo féèlì. Mo mọ F yìí dáadáa, àwa méjèèjì la jọ lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé."

Bushrah na ọrùn wo ibi tó fi ìka sí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, F yìí kì í ṣe féèlì. Fíméèlì ni."

"Mo gbọ́. Mo féèlì."

"Fí-méè-lì. Obìnrin."

"Obìnrin wo?"

"F ni obìnrin, Bàbá."

Àtàndá wo ara rẹ̀ láti àyà dé ìsàlẹ̀.

"Àìsàn yìí ti sọ mí di obìnrin?"

"Ọdún mélòó ni yín, plíìsì?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta."

"Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà níbí."

"Ó sọ mí di obìnrin, ó tún sọ mí di ọ̀dọ́. Àìsàn wo nìyí?"

Ṣùgbọ́n Bushrah ti ki ọwọ́ bọ inú àpò ìwé, ó ti fa ìwé kejì jáde. Ó kà á, ó tún un kà, ó sì bo ẹnu.

"Ei! Bàbá, ẹ má bínú. Ìwé méjì ló wà nínú rẹ̀, A. Múdàṣírù ni orúkọ méjèèjì. Èyí ló ní M. Ọkùnrin, ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Tiyín rè é. Márùn-ún pọ́ìntì méjì."

"Márùn-ún. Ṣé ìyẹn náà dín ni?"

"Kò dín rárá. Ó pé. Ó pé paa! Ẹ̀jẹ̀ yín dára gan-an."

Nínú oṣù méjì yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ tó dun Àtàndá tó èyí.

"Tún un wò."

"Mo ti wò ó. Orí fífọ́ yẹn, ẹ sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni."

"Ta wá ni F? Ta ni A kejì tó ní mẹ́ta..."

Kò parí rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó mú awò jáde, ó fi sójú níṣojú ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ka ìwé àkọ́kọ́ yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àgbékẹ́ ni. Yìnyín tó ń rún wá sí i létí. Ó rántí bó ṣe bá a ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó fi ọwọ́ lé àyà, tó ní òun kàn ń sinmi díẹ̀ ni. Òun Àtàndá, láti orí bẹ́ẹ̀dì, ló ké sí i pé kó kúrò níbẹ̀, ó ń dí atẹ́gùn fún aláìsàn.

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn kò lè ṣì í kà?"

"A kà á lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá."

"Ẹ fa mílíọ̀nù kan nínú tèmi fún un."

"Kò tíì di bẹ́ẹ̀ yẹn." Bushrah rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, plíìsì. Ẹ̀rọ ń sọ iye ni, kì í sọ ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ oúnjẹ, ó lè jẹ́ nǹkan oṣù wọn, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Dókítà ló máa wá a rí. Ẹ mú wọn lọ lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la."

"Ṣé yóò kú?"

"N ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ ti tètè mọ̀."

Tètè. Àtàndá gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí ẹni gbé oògùn mì. Ó fa fóònù yọ, ó pe ọjà.

"Àgbékẹ́! Sọ bẹ́ẹ̀lì yẹn kalẹ̀... Mo ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀... Rárá, n ò kú... Wọ́n ní ara mi dá. Mo ní ara mi dá!... Má rẹ́rìn-ín, Àgbékẹ́. Jókòó. Jókòó sórí bẹ́ẹ̀lì náà, má ṣe nǹkan kan, má tilẹ̀ kí oníbàárà. Mò ń bọ̀ wá mú ọ."

Ó pa fóònù náà.

"Kí ni Màmá sọ, plíìsì?"

"Ó ní òun ti mọ̀ láti oṣù méjì pé ara mi dá. Ó ní òun kàn ń retí ọjọ́ tí yóò dé etí èmi náà ni."

"Ei. Kí ló wá dé tí wọ́n ń fún yín lẹ́dọ̀?"

"Ó ní bí òun kò bá fún mi, màá kérora mọ́jú, òun ò sì ní lè sùn."

Bushrah dojú bolẹ̀ kí ó má baà rẹ́rìn-ín. Ó fa fọ́ọ̀mù kan jáde fún dókítà, ó kọ orúkọ Àgbékẹ́ sókè rẹ̀ tán pátá, kò fi A nìkan síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kọ ọjọ́ orí. Ó kọ mẹ́ta pọ́ìntì ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló dé ibi kan tó dúró.

"Wọ́n ń béèrè níbí pé ta ni yóò máa ran aláìsàn lọ́wọ́ nílé. Yóò máa se oúnjẹ, yóò máa gbé ẹrù, yóò rí i pé wọ́n lo oògùn."

"Èmi ni. Kọ orúkọ mi síbẹ̀. Àtàndá Múdàṣírù."

Bírò náà kò lọ. Bushrah wò ó láti orí fìlà dé orí bàtà.

"Plíìsì, Bàbá, ṣé kò sí ẹlòmíràn?"

Àtàndá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró, ó ro ìbéèrè náà dáadáa, nítorí pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

"Kò sí," ni ó wí. "Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dín kù nìyẹn."